Kí Ni Mo Lè Ṣe Tí Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù Mi Kò Fi Ní Máa Gba Ẹ̀gbẹ́ Ihò Kọjá?

Ìbéèrè: Ọ̀gá olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 54 ni mí, Ìbarà ni mò ń gbé níbí ní Abẹ́òkúta, oògùn òyìnbó ni mo sì ń tà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ gọ́ọ̀fù. Bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dé orí gríìnì, ìyẹn ibi koríko kúkurú tí ihò wà, tí ó ku ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tàbí mẹ́fà péré, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ihò ni bọ́ọ̀lù mi máa ń gbà kọjá. Wọ́n ní kí n máa fi ojú inú rí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò tọ̀ kí n tó gbá a. Mo dijú títí, n kò rí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí a jọ ń gbá a tún sọ fún mi pé gbogbo bọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta ló ń yà sí ìhà odò Ògùn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo sì ni mo ṣe lè mọ bí a ti ń fojú sun ihò?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìforítì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn, nítorí pé òun ni ìdí rẹ̀ rọrùn jù láti wá rí. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà sí ọ̀tún lónìí, tí ó ń yà sí òsì lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan náà kọjá nígbà gbogbo, ó ṣeé ṣe gan-an kí ọwọ́ rẹ̀ máa jẹ́ iṣẹ́ tí ojú rán an, kí ó sì jẹ́ pé ojú ló ń rán an níṣẹ́ òdì.

Ẹ wo bí àṣìṣe náà ti kéré tó. Ihò gọ́ọ̀fù jẹ́ ínṣì 4.25 láti etí dé etí, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10.8. Bí ẹ bá wo aago ara ògiri, àlàfo tó wà láàárín ìṣẹ́jú kan àti èkejì lójú rẹ̀ jẹ́ dígírì 6. Ẹ pín àlàfo kékeré yẹn sí ọ̀nà mẹ́fà, kí ẹ mú ẹyọ kan nínú rẹ̀: bí ojú pọ́tà yín, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí gríìnì, bá fi ìwọ̀n yẹn péré yà, bọ́ọ̀lù tí ó rin mítà 3 lórí ilẹ̀ títẹ́ yóò ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.2 kúrò ní àárín ihò, bẹ́ẹ̀ sì ni láti àárín ihò dé etí rẹ̀ kò ju 5.4 lọ. Níbi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tàbí mẹ́fà tiyín, nǹkan bíi dígírì 2 ti tó láti mú yín tàsé. Ó ṣòro fún ojú láti dá dígírì 2 mọ̀ bí kò bá rí nǹkan títọ́ fi wé e, ojú pọ́tà ló sì ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù yóò kọ́kọ́ dorí kọ, ju bí a ti fi apá gbá a lọ.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ pálọ̀ yín bá jẹ́ oní-táìsì, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sórí ìlà tó pààlà táìsì méjì, kí ẹ dúró bí ẹni tí yóò gbá a, kí ẹ wá gbé pọ́tà sẹ́yìn rẹ̀ tí ojú rẹ̀ yóò fi bá ìlà tó dábùú dọ́gba. Bí àfojúsùn yín bá ń ṣì sí ọ̀tún bí mo ti fura sí, pọ́tà tó tọ́ gan-an yóò dà bíi pé òsì ló kọjú sí lójú yín. Ẹnu máa ń ya àwọn tí mò ń kọ́ síbi yìí, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bá mi jiyàn pé táìsì ni kò tò dáadáa. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lálaalẹ́, ẹ má gbá nǹkan kan, ẹ ṣáà máa wò ó títí ohun tó tọ́ yóò fi máa jọ ohun tó tọ́ lójú yín. Lórí gríìnì, okùn tí àwọn bírìkìlà fi ń to búlọ́ọ̀kù yóò ṣe iṣẹ́ kan náà: ẹ ta á láàárín pẹ́ńsù méjì láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn ihò, kí bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí ojú fúnra rẹ̀ wà. Ẹ dúró síbi bọ́ọ̀lù, ẹ gbé bọ́ọ̀lù kejì sí ìdí imú láàárín ojú méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí ó já bọ́. Ó yẹ kí ó bà lé bọ́ọ̀lù ti ilẹ̀, tàbí kí ó bọ́ díẹ̀ sí ìhà ẹsẹ̀ yín. Bí ó bá bọ́ sí òdìkejì, ẹ ti tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìlà kò sì ní rí bí ó ti rí gan-an lójú yín. Ọjọ́ orí yín mú kí n béèrè nípa jígí ojú pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà, ó lè mú kí ìlà títọ́ wọ́ lójú yín. Ẹ bá dókítà ojú sọ̀rọ̀ nípa jígí olójú kan tí ẹ óò máa lò ní pápá. Bí ẹ bá sì fẹ́ wo ihò láti ìdí bọ́ọ̀lù, ẹ má gbé orí sókè. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìẹ tó ń ṣọ́ àwòdì, kí ojú lè gba orí ìlà lọ, kí ó sì gba orí ìlà padà.

Òfin gbà yín láyè láti fi owó ẹyọ sàmì sẹ́yìn bọ́ọ̀lù lórí gríìnì, kí ẹ gbé e, kí ẹ sì dá a padà lọ́nà tí ìlà tí ẹ fi bírò fà sí i lára yóò fi kọjú sí ibi tí ẹ fẹ́. Mo fara mọ́ ọn fún ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n láti 2019, kádì, ìyẹn ẹni tó ń bá yín gbé àpò ọ̀pá, kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn yín lórí ìlà bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù, torí náà ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò fojú sùn ún.

Wàyí o, ojú inú. Dídijú tí ẹ dijú kò lè ṣe yín lóore. Àwòrán tí à ń sọ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àlá, ìrántí ni, ojú kò sì lè rántí ohun tí kò wò rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ tàsé báyìí, a ti yíjú kúrò, a ti ń pòṣé, bẹ́ẹ̀ ìdajì mítà tó gbẹ̀yìn nínú ìrìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù, nítorí pé ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti ń rọra ni ilẹ̀ máa ń rí i fà. Ẹ máa wo gbogbo bọ́ọ̀lù títí yóò fi dúró, tiyín àti ti ẹlòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni ni ìrì òwúrọ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú pápá, kí ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbá ìrì kúrò lórí gríìnì tí a fi ń dánra wò. Bọ́ọ̀lù tí ẹ bá gbá nígbà náà yóò fi ipa sílẹ̀ bí ìgbín ti ń fi ipa sílẹ̀ lórí ewé, ẹ óò sì fojú ara yín rí bí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní títọ́, ibi tó ti tẹ̀, àti bí ó ti wọ́ kóró ní ìparí. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta láti ojú kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú agbára, ọ̀kan níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò hàn. Ẹni tó bá rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan kò tún ní béèrè ìlà láìkọ́kọ́ béèrè eré tí bọ́ọ̀lù yóò sá. Dave Pelz, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní NASA, àjọ ìrìnàjò òfuurufú wọn, kí ó tó di olùkọ́ni, sọ pé bọ́ọ̀lù tó bá tàsé yẹ kí ó fi nǹkan bíi ínṣì 17 kọjá ihò kí ó tó dúró. Èmi kì í wọn ínṣì fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń sọ pé kí ó má ju ọ̀pá pọ́tà ìdajì lọ.

Bí ẹ bá ti ní ìrántí yẹn, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa ka àwòrán náà bọ̀ wá síwájú. Ẹ ka ihò sí ojú aago tí 6 rẹ̀ kọjú sí yín. Bí ilẹ̀ bá ń fà láti ọ̀tún sí òsì, bọ́ọ̀lù kò ní gba ẹnu 6 wọlé, ẹnu 5 tàbí 4 ni yóò gbà. Ẹ wo bí yóò ti já bọ́ láti etí yẹn, kí ẹ wá fi ojú tọ ipa rẹ̀ padà sídìí bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì mú àmì kan lórí koríko, bóyá ewé gbígbẹ tàbí àpá kékeré, tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ níwájú bọ́ọ̀lù. Àmì yẹn ni kí ẹ dojú pọ́tà kọ. Ihò ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín nígbà náà. Ẹ tẹjú mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù díẹ̀ kí ẹ tó gbá a, kí ojú má sì sáré tẹ̀lé e. Ní 1992, Joan Vickers ti Yunifásítì Calgary ní Kánádà tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwọn agbágọ́ọ̀fù ti ń lo ojú wọn, ó sì rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ń tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù pẹ́ ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá tó wọn lọ.

Ní ti odò Ògùn, àgbà yẹn kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ilẹ̀ ìlú wa kò tẹ́, òkè àti àpáta ló yí wa ká, omi sì gbọ́dọ̀ wá ibi ìsàlẹ̀ lọ. Ìyẹn lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà ní nǹkan bí àádọ́ta mítà sí gríìnì, tí ẹ fẹ́ mọ ìhà tí gbogbo rẹ̀ dà sí. Bí ẹ bá ti gun orí rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó kọ́ gríìnì lágbára ju odò lọ, òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì lè tan ojú yín jẹ débi pé ilẹ̀ tó ń gòkè yóò dà bí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ bi ara yín pé, bí ẹnì kan bá da garawa omi kan síbí, ibo ni yóò ṣàn gbà jáde? Ẹ bi ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú: ẹ ya ẹsẹ̀ méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì ìlà náà, kí ẹ mọ ẹsẹ̀ tí ara wúwo sí jù. Ẹ tún wo koríko, nítorí pé irú èyí tó ń tàn kálẹ̀ lórí ilẹ̀ ní ìhà tiwa máa ń sùn sí apá kan. Bí ó bá ń dán lójú yín, ó ń bá bọ́ọ̀lù lọ. Bí ó bá dúdú, ó ń kọ̀ ọ́, ẹ óò sì ní láti fi kún agbára. Bí kò bá hàn síbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo etí ihò: ìhà tí koríko rẹ̀ ti gbẹ tàbí tí ó já wúruwùru ni ìhà tí ó ń sùn sí.