Láptọ́ọ̀pù ò dún mọ́ lórí Linux: ẹ má tíì ra sípíkà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti ọjọ́ tí mo ti gbé Ubuntu, irú Linux kan tí wọ́n ń lò dípò Windows, sórí láptọ́ọ̀pù mi ni ò ti dún mọ́. Mo gbé e láti Ìsánlú lọ sí Kàbà, ẹni tó ń tún un ṣe ní iná jẹnẹrétọ̀ ló jó sípíkà, kí n mówó wá. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Àbúrò, má san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbowó ohun tí ò bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé ọjọ́ tó o gbé Ubuntu wọlé ló dákẹ́, kí ló wá kan jẹnẹrétọ̀? Ki íápíìsì bọ̀ ọ́ ná. Tó bá dún ní íápíìsì, á jẹ́ pé káàdì tó ń gbé ohùn jáde ò jó rárá.

Lọ sí Settings, wo Sound, wo ibi tí wọ́n kọ Output sí. Tó bá jẹ́ HDMI, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ló wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí ò sí nílé ni ohùn ń lọ bá, yí i padà. Tó bá jẹ́ Dummy Output, Linux ò tíì rí káàdì ẹ nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń lo Intel. Ṣe update gbogbo ẹ̀, kó o tún un tàn.

Àmọ́ èyí tí mo máa ń bá pàdé jù rèé: ṣí Terminal, ìyẹn ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tẹ alsamixer, tẹ F6 kó o mú káàdì ẹ gan-an, wàá rí àwọn òpó tó dúró lóòró, Master, Speaker, Headphone. Wo ìsàlẹ̀ Speaker dáadáa. Tó o bá rí MM, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn, gbé ara lé e, tẹ m, á di OO, ìyẹn ni pé ó ti ṣí. Wo Auto-Mute náà, torí eruku ọyẹ́ tó bá wọ ihò íápíìsì lè jẹ́ kó rò pé íápíìsì wà níbẹ̀, á sì pa sípíkà. Má wá torí ẹ̀ gbé ohùn kọjá 100% o, ìyẹn lè ba sípíkà jẹ́ lóòótọ́.

Mi ò fojú rí láptọ́ọ̀pù ẹ, nítorí náà mi ò lè búra. Tí sípíkà ò bá dún lórí Windows náà, jẹ́ kí wọ́n tú u, ṣùgbọ́n lójú ẹ. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, tẹ aplay -l nínú Terminal, á to àwọn káàdì ohùn tí Linux rí, kó o fi ohun tó bá jáde ránṣẹ́ sí mi.