Ohun Tó Ń Ró Lábẹ́ Ọkọ̀ Ìyá Oníṣu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Iṣu ni mo ń tà ní Akẹ́sán níbí, Camry 2004 ni mo sì fi ń kó o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí nǹkan kan ti ń ró kò-kò-kò lábẹ́ iwájú ọkọ̀ náà lápá ọ̀tún. Mẹkáníìkì wa ní ṣọ́ọ̀kì ni. Mo ra méjèèjì, ó fi wọ́n sí i, ariwo ò lọ. Ó tún wá ní kí n lọ ra ráàkì, èyí tí sítíárìn fi ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Bí mo bá sì ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo dé kọ́nà, ọkọ̀ náà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bíi pé ó fẹ́ sùn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n ra ráàkì náà ni?
Ìyá Oníṣu, Akẹ́sán, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì ra ráàkì o. Ẹ di owó yín mú ná, kí ẹ sì ka ìdáhùn yìí sétí ẹni tó ń tún ọkọ̀ yín ṣe.

Ohun tí ẹ kọ nípa kọ́nà yẹn ló mú ọkàn mi kúrò lórí ráàkì. Ráàkì tó bá ti jẹ, ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára sítíárìn. Kì í mú kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Irin kan wà lábẹ́ iwájú ọkọ̀ yín tó dábùú láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì, òun là ń pè ní sítébíláísà. Ó rí bí igi góòlù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Rọ́bà méjì ló dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ní orí rẹ̀ méjèèjì, irin kúkúrú kan tó ní oríkèé bí eegun, tí à ń pè ní línkéèjì, ló so ó mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà tí ara rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ sí apá kan, irin yìí á lọ́, á máa fi agbára rẹ̀ tì í padà kó má baà tẹ̀ jù. Kì í ṣe nǹkan àná: ọkùnrin ará Kánádà kan, Stephen Coleman, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ láti ọdún 1919. Síbẹ̀, nínú gbogbo pátì abẹ́ ọkọ̀, n kò rí èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ na ẹlòmíràn tó o.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ gun bọ́ǹpù tó dábùú ojú ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fetí sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi tí ojú ọ̀nà ti jẹ, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ kòtò nígbà tí tòsì wà lókè. Bí ó bá dákẹ́ lórí bọ́ǹpù, tó wá ń ró kò-kò-kò nínú kòtò, ibi sítébíláísà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá gòkè pọ̀, irin náà kàn máa yí nínú rọ́bà rẹ̀ ni, kì í lọ́. Ìgbà tí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì wà nílẹ̀ ni iṣẹ́ dé bá a, ìgbà náà sì ni línkéèjì tó ti jẹ máa ń pariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, tí ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà lẹ́bàá Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tíṣà kan gbé ọkọ̀ wá tó ń ró bí tiyín gẹ́lẹ́. Mo fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo mi línkéèjì, ó dúró gbọin. Mo ní ṣọ́ọ̀kì ni. Ó yáwó, ó rà á. A fi í sí i, ó wà á lọ, kò dé Ìsàlẹ̀ Àfọ́n tó fi padà: ariwo náà ṣì wà. Mo bá sáré lọ pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Kò tilẹ̀ wo jáàkì. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà sórí píìtì, ìyẹn kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ láti rí abẹ́ ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Ó nawọ́ sókè, ó mi línkéèjì, ó sì ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Nígbà tí mo fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, sítébíláísà ti lọ́, ó ti fún línkéèjì pinpin, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i pé ó ti jẹ. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún tíṣà náà. Owó ṣọ́ọ̀kì ni mi ò rí dá padà, ó sì ń dùn mí dòní. Kò sí ọmọṣẹ́ mi tó lè dárúkọ ṣọ́ọ̀kì fún oníbàárà báyìí láìjẹ́ pé ó ti mi línkéèjì lórí píìtì. Níbi tí kò bá sí píìtì, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fi irin ìdúró tó lágbára tì í. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Ohun kan tún wà, Màmá. Nínú Camry yín, ara ṣọ́ọ̀kì ni línkéèjì so mọ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì láìtú u. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní agídí: bí ẹ bá ń dè é, ìdí rẹ̀ á máa bá a yí. Àfi kí èèyàn fi L-key di ẹnu rẹ̀ mú, kó tó fi sípánà fún un. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á rò pé òun ti dè é, kò sì tíì le. Ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tì yìí nìkan ló ń ró báyìí. Kí mẹkáníìkì yín kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ní ti fífẹ̀gbẹ́, línkéèjì tó kàn jẹ díẹ̀ kì í sábà mú un tó bẹ́ẹ̀. Mo fura pé ọ̀kan ti já, tàbí pé sítébíláísà fúnra rẹ̀ ti kán níbi tí ó ti tẹ̀. Kó wo ti ẹ̀yìn náà, nítorí ẹ̀yìn lẹ ń kó iṣu sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gbé iṣu sórí ọkọ̀ náà. Ẹrù tó bá ga ló ń fa ọkọ̀ lulẹ̀ ní kọ́nà.

Kó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù jọ́ìntì pẹ̀lú, ìyẹn oríkèé tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ apá tó gbé e dúró. Ìyẹn náà máa ń ró, bó bá sì yọ lórí eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á wó sábẹ́.

Bó bá jẹ́ línkéèjì, ẹ ra tuntun, ẹ má ra tòkúnbọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì. Bó bá jẹ́ rọ́bà, tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gíríìsì lásán tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á. Ó ń ba rọ́bà jẹ́. Línkéèjì kò nílò aláínímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè dúró gún, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tí ẹ pààrọ̀ nílò rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan yọ línkéèjì méjèèjì kúrò nínú ọkọ̀ mi, ariwo sì lọ. Ṣé mo lè máa wà á bẹ́ẹ̀?
Awakọ̀, Arówómọlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Rárá, àbúrò. Ariwo lọ torí pé ohun tó ń ró kò sí níbẹ̀ mọ́, sítébíláísà náà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwọ kò ní mọ̀ láàárín ìlú. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já lu títì lójú ọ̀nà Odò Ọbà, tí o ní kí o yà fún un lórí eré, ọjọ́ náà ni ọkọ̀ á tẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ, pẹ̀lú èrò nínú. Rọra máa wà á títí wàá fi ra òmíràn, má sì kó èrò jáde nílùú títí dìgbà náà.