Ṣé Àṣíborí Olówó Ńlá Lè Dá Ọmọ Mi Padà Sí Pápá?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún yunifásítì rẹ̀ níbí ní Texas. Ní Sátidé tó kọjá, òun àti ẹnìkan forí sọra. Kò dákú, àmọ́ orí ń fọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ sì ń ta á lójú. Wọ́n ní kó jókòó. Ìdíje mẹ́ta ló kù kí sáà parí, ẹ̀rù sikọ́láṣíìpù sì ń bà mí. Ẹnìkan ń ta àṣíborí tuntun kan fún mi, pẹ̀lú ògùn oníhóró tó ní ó ń tún ọpọlọ ṣe. Ṣé kí n rà wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ má ra ìkankan.

Ẹ ní kò dákú, bí ẹni pé ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. Nínú àwọn tí ọpọlọ wọn mì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní concussion, àwọn tó ń dákú kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tíìmù yẹn ṣe ohun tó tọ́. Láti 2010 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti ní ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ padà sí pápá lọ́jọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ padà lẹ́yìn náà àfi tí dókítà bá yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣíborí ló ń bí mi nínú. Láti August tí sáà ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mi ò bá àṣíborí jà o. Egungun agbárí ló wà fún, kó má bàa fọ́. Ní 1968, ènìyàn 36 ni ìfarapa pa nínú bọ́ọ̀lù yìí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún àṣíborí. Ní 1976 wọ́n sì fòfin de kí eléré máa fi orí kan ẹlòmíràn. Ní 1990, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kú bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Àmọ́ ọpọlọ kò lẹ̀ mọ́ agbárí. Bí dánfó bá tẹ bíréèkì lójijì, ara ọkọ̀ lè má ha rárá, kí àwọn èrò ti forí gbá àga iwájú. Fóòmù inú àṣíborí lè dín agbára ìkọlù kù, àwọn kan sì sàn ju òmíràn lọ. Virginia Tech ń dán wọn wò, ó ń fún wọn ní ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ márùn-ún kò ní kí ọpọlọ má mì. Ẹ ní kí ọlọ́jà yín ka ìkìlọ̀ tó wà lára ọjà rẹ̀ sókè sí yín létí. Ní 2013, FTC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìpolówó ọjà, sọ pé ìwádìí tí ilé iṣẹ́ kan gbára lé kò fi hàn pé àṣíborí wọn ń dín ewu yìí kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ká tiẹ̀ ní ti ọlọ́jà yín dára jù láyé, ìkọlù tó ń bọ̀ ló lè ṣe nǹkan sí. Báwo ló ṣe fẹ́ wo èyí tó ti ṣẹlẹ̀? Bí ọmọ bá tún forí gbá nǹkan kí ti àkọ́kọ́ tó san, ọpọlọ lè wú. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ọ̀dọ́.

Ní ti oníhóró: òróró ẹja àti ata ilẹ̀ pupa ló sábà máa ń wà nínú irú wọn, FDA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti ògùn, sì ti kìlọ̀ nípa wọn láti 2013. Ata ilẹ̀ pupa dára nínú ọbẹ̀.

Kó sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì, lẹ́yìn náà kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú àwọn olùtọ́jú tíìmù: eré fẹ́ẹ́rẹ́, ìdánrawò tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kọlù ú, kó tó di ti ìkọlù. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó wákàtí 24. Bí orí bá tún fọ́ ọ, kó padà sẹ́yìn. Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà mi ò ní dá ọjọ́ fún yín. Bí ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjá, kí wọ́n kọjá.

Bó bá jẹ́ Division I, ìpele tó ga jù lọ nínú NCAA, ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ìfarapa gba sikọ́láṣíìpù láàárín àkókò tí wọ́n fún un. Ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa. Bó bá ti pé ọdún 18, kó fọwọ́ sí ìwé kí dókítà wọn lè máa bá yín sọ̀rọ̀.

Bó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí tó ṣòro láti jí i, ẹ pe 911. Ẹ má kọ̀wé sí mi.