Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́: kí gan-an ni ọlọ́ṣà yẹn jí?

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n ṣàlàyé "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni," èmi náà gbọ́ èyí tí wọ́n sọ lórí rédíò o, pé gbèsè ni oore, kéèyàn yáa tètè san án. Ṣe ni mo pa rédíò. Ibo ni wọ́n ti rí "san" nínú òwe yẹn? "Dúpẹ́" làwọn àgbà wí.

Ẹ wo ọlọ́ṣà yẹn dáadáa. Ẹrù kan náà lè kúrò nílé yín lọ́nà méjì, ẹ fà á léèyàn lọ́wọ́ tàbí wọ́n gbé e lọ, kí ló wá fi ìyàtọ̀ sí i? Ẹnu ẹni tó gbà á ni. Tó bá ní ẹ ṣé, ẹ fún un ni, tó bá dákẹ́, ó gbé e ni. Ìyá mi àgbà kì í ka oore, àmọ́ tó bá rán nǹkan séèyàn, tó bá ti di ọjọ́ kẹta á bi wá pé, "Ṣó tiẹ̀ dé ọwọ́ ẹ̀?" Kò retí kọ́bọ̀ o, okùn tó wà láàárín wọn ló ń fà wò.

Owó ló ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, torí ẹni tó bá ti sanwó, ọpẹ́ ti kúrò lọ́rùn ẹ̀. Wọ́n dán an wò nílùú Haifa ní Ísírẹ́lì, ọdún 2000 ni wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde. Ibi 10 tí wọ́n ti ń báni tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n lò, àwọn òbí ń pẹ́ wá mú ọmọ, wọ́n wá fi owó ìtanràn lélẹ̀ ní 6 nínú ẹ̀, àfi bí àwọn tó ń pẹ́ ṣe pọ̀ sí i tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì! Èmi mọ ìdí ẹ̀: tẹ́lẹ̀, ojú ń tì wọ́n fún olùkọ́ tó ń dúró dè wọ́n, nígbà tówó wọ̀ ọ́, wọ́n ti ra ìdúró ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fagi lé owó yẹn, ìtìjú ò padà.

"Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíì gbà," ìyẹn, a fi ń tan ọmọdé ni, ẹ fi sílẹ̀. Àgbà wo ló ń fi ọpẹ́ dọdẹ? Ẹ̀yin ìwòyí ẹ̀wẹ̀, wọ́n á fowó ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀ẹ́ fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn, ó tán.

Ṣùgbọ́n ẹ má pa òwe yìí sí èèyàn lójú o, olè lẹ pè é yẹn. Mo pa á sí àbúrò mi kan nígbà kan, ọdún méjì la ò fi bára wa sọ̀rọ̀.