Ìbéèrè Òǹkàwé: London Bridge Wo Ni Wọ́n Gbé Lọ sí Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Nínú kàlẹ́ńdà tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti ìlú Ọba, wọ́n kọ "London Bridge" sábẹ́ àwòrán afárá onílé-ìṣọ́ méjì. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé London Bridge gan-an ti wà ní Amẹ́ríkà. Ta ni kí n gbà gbọ́?
Òǹkàwé yín, Ìmọ̀, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín sún mọ́ òótọ́ ju kàlẹ́ńdà lọ. Tower Bridge ni ẹ rí nínú àwòrán yẹn. Horace Jones ló ya àwòrán ilé rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1886, wọ́n sì ṣí i ní 1894. Àárín rẹ̀ máa ń là sí méjì, á sì gbéra sókè kí ọkọ̀ ojú omi gíga lè kọjá.

London Bridge ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àlùfáà kan, Peter ti Colechurch, ló bẹ̀rẹ̀ afárá olókùúta náà ní 1176, ṣùgbọ́n ó ti kú kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní 1209. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tò lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ròyìn, àmọ́ lójú tèmi, abẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí a wò dáadáa. Ojú 19 ni ó ní, àwọn òpó rẹ̀ sì sanra. Wọ́n tún ri igi yí ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n sì kó òkúta sí àárín igi náà kí omi má baà jẹ ìpìlẹ̀. Ààyè tí ó kù fún omi wá há tó bẹ́ẹ̀ tí odò Thames fi ń ga ní apá òkè, bí ẹ ti máa ń rí i ní Iléṣà nígbà tí pàǹtí bá dí ihò abẹ́ títì lẹ́yìn òjò. Nígbà tí omi òkun bá ń fà sẹ́yìn, ńṣe ni odò náà máa ń já wálẹ̀ láàárín àwọn òpó, débi pé ọ̀pọ̀ èrò a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá, wọ́n á sì tún wọkọ̀ ní ìsàlẹ̀. Nítorí pé omi apá òkè kò ṣàn dáadáa, ó máa ń di yìnyín nígbà òtútù líle. Ní 1814 ni wọ́n ná ọjà lórí yìnyín náà kẹ́yìn.

Ní 1831 ni wọ́n ṣí èyí tí John Rennie ya àwòrán rẹ̀, olójú 5, wọ́n sì wó ti àtijọ́. Nígbà tí ó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Robert McCulloch, ọmọ Amẹ́ríkà, rà á ní 1968. Wọ́n fi nọ́ńbà sí àwọn òkúta rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò wọ́n padà sí Lake Havasu City ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí wọ́n ti ṣí i ní 1971. Kí ọ̀rẹ́ yín sì mọ̀ pé òkúta ara afárá nìkan ló dé ibẹ̀, kọnkéré tuntun ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó wà ní London báyìí, 1973 ni wọ́n ṣí i. Kọnkéré ni, olójú 3, kò sì ní ilé-ìṣọ́ kankan.