Makun ni kí n kọ àbí Ṣágámù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Sabo ní Ṣágámù ni mò ń gbé, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Níbi tá a ti ń ṣètò káàdì ìgbéyàwó, mo kọ "ọmọ Ṣágámù" síwájú orúkọ bàbá ọkọ mi, ìyá ọkọ mi ní rárá o, Makun ni kí n kọ. Ṣebí àdúgbò lásán ni Makun? Ọ̀kadà ni mò ń gùn débẹ̀! — Ìyàwó Ojú Ọ̀nà

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, Màmá ò jẹ̀bi o. Ìlú ni Makun, ó sì ti wà kí Ṣágámù tó wà rárá. Ogun ló kó àwọn ìlú tó di Ṣágámù jọ. Nígbà ogun Ìjàyè, tí àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè láti bá Ìbàdàn jà, ọ̀pọ̀ Rẹ́mọ ò dínà mọ́ Ìbàdàn, inú wá bí àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n gbógun wá, wọ́n dó ti Ìkòròdú, ìlú Rẹ́mọ, títí tí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, fi kó sójà láti Èkó wá lé wọn ní 1865. Ta ló fẹ́ dá jókòó sínú ìlú kékeré lẹ́yìn ìyẹn? Ní 1872, ìlú 13 para pọ̀ síbi kan: Offin, Makun, Sonyindo, Epe, Ibido, Igbepa, Ado, Oko, Ipoji, Batoro, Ijoku, Latawa, Ijagba (mo kà á pé, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú sí mi).

Kò sẹ́ni tó fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀ o. Akárìgbò, ọba tó ni gbogbo Rẹ́mọ, wà ní Offin, síbẹ̀ Ewusi, ọba Makun, wà ní Makun, Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, ọba Epe, náà wà ní Epe tiẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ wà ní gáréèjì l'Ékòó tẹ́ ẹ kàn pariwo "Epe" láìfi Ṣágámù kún un, ọ̀nà Lẹ́kí ni wọ́n máa gbé yín gbà.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni Sabo tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Àwọn Hausa tó wá ra gbànja ló tẹ̀ ẹ́ dó, "Sabon Gari", ìlú tuntun lèdè wọn. Èyí tó ń jẹ́ ìlú gan-an ni àdúgbò, àwọn tẹ́ ẹ̀ ń pè ní àdúgbò ni ìlú!

Ẹ kọ Makun, kẹ́ ẹ wá fi Ṣágámù tì í lẹ́yìn, kí àwọn èèyàn yín láti Ìbàdàn má baà ṣìnà lọ́jọ́ náà.