Èsì fún àbúrò tó béèrè nípa "a" àti "an"

Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ irun ní Sáńgo, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní tíṣà yín sọ pé fáwẹ̀lì ló ń gba "an", kọ́ńsónáǹtì ló ń gba "a". O wá kọ "an university" àti "a hour", ó fa igi lé méjèèjì, kò sì sọ ìdí.

Etí ni kó o fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò. "University" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró "yu", ó di "a university". A kì í pe "h" inú "hour", ó di "an hour". Bẹ́ẹ̀ náà ni "an honest man", "a European", "a UI student" ("yu" là ń pe "U"), "an NCE certificate" ("ẹn" là ń pe "N"). Ohun tó lè kó bá ọ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa ń gbé "h" mì. Ẹni tó bá ń pe "house" bíi "áòsì" á kọ "an house" láìfura. Máa ka ohun tó o bá kọ sókè, kí ẹni tó ń pe "h" dáadáa gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n "the" ló ń pa èèyàn lẹ́kún. Nígbà tí mò ń múra ìdánwò GCE, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, màá gbọ̀nà lẹ́sìnnì. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa á gba àrokọ, á fi bíróò pupa pa "the" rẹ́ níbì kan, á fi "the" síbòmíràn, á kọ "Articles!" sí ìsàlẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe "a", "an" àti "the" nìyẹn. Tá a bá béèrè ìdí, á ní bó ṣe ń dún létí nìyẹn. Létí ta ni? Ṣé létí ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá tọ́ dàgbà lẹ́yìn Mápó? Owó tá a fi òógùn wá là ń san fún un, ó sì yẹ kó lè ṣàlàyé. Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi "the" síwájú gbogbo ọ̀rọ̀, àwọn kan yọ ọ́ pátápátá, ìbẹ̀rù ló ń darí ọwọ́ wa.

Ohun tí kò sọ fún wa nìyí. Tí mo bá ní "Mo ra iṣu", o ò ní bi mí bóyá ọ̀kan ni tàbí mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Kó o tó kọ ọ̀rọ̀ orúkọ kankan, kọ́kọ́ bi ara rẹ: ṣé ẹni tó ń kà á mọ èyí tí mò ń sọ gan-an? Tó bá mọ̀ ọ́n, "the" ni. "I bought a yam at Bodija. The yam was rotten." Nígbà àkọ́kọ́ kò tíì mọ iṣu náà, nígbà kejì ẹ ti jọ mọ̀ ọ́n. Ó sì lè mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé o ti dárúkọ rẹ̀ rí: "the sun", torí oòrùn kan ṣoṣo ló wà, "Close the door", torí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ jọ ń wò ni, "the best tailor in Mokola", torí ẹnì kan ló lè dára jù.

Tí òǹkàwé ò bá mọ̀ ọ́n, wò ó bóyá nǹkan náà ṣeé kà ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ọ̀kan nínú ohun tó ṣeé kà ń gba "a" tàbí "an". Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ "My mother is a trader", bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ò fi nǹkan kan kún un tá a bá ní "Oníṣòwò ni ìyá mi". Tí wọ́n bá pọ̀, fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó o fi "s" sí i nídìí. Ibí yìí ni bíróò pupa ti jẹ mí níyà jù. "Yams are expensive" ń sọ nípa iṣu níbi gbogbo. "The yams are expensive" ń sọ nípa iṣu tó wà lórí àtẹ ìyá tó dúró níwájú wa. Méjèèjì ló tọ́, ohun tó o ní lọ́kàn ló yàtọ̀. Tẹ́nì kan bá ti sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì bá dín ẹkún kù.

Èyí tí kò ṣeé kà kì í gba "a" láéláé: rice, water, advice, information, furniture, equipment. "A bag of rice", "a piece of advice". Àwọn ọ̀gá ńláńlá ń sọ "an advice" àti "equipments" lórí rédíò, má tẹ̀lé wọn. Má sì ná owó sórí ìwé pélébé tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ tó kún fún òfin láìsí àlàyé. Expo, ìyẹn ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n jí tà, burú jùyẹn lọ, má tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Orúkọ ibi ní tirẹ̀ ní láti mọ́ni lára. Odò ń gba "the": "The Ogunpa overflowed its banks in 1980." Adágún kì í gbà á: "Lake Chad". Cocoa House, Mapo Hall àti Bodija Market ò gbà á. Èyí tó bá ní "of" láàárín sábà máa ń gbà á: University College, Ibadan ni wọ́n ń pè é ní 1948, nígbà tó di 1962 ó di the University of Ibadan. Nigeria ò gbà á, the Gambia àti the United States gbà á.

"She is in hospital" túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ò yá. "She is in the hospital" lè jẹ́ pé ó lọ kí èèyàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi "the" sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ìlú ọba ni wọ́n fi ń kọ́ wa níbí.

Mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, fi bíróò yí gbogbo "the" inú rẹ̀ ká, kó o máa bi ara rẹ bí òǹkàwé ṣe mọ nǹkan náà. Lẹ́yìn náà, kọ ìpínrọ̀ tìrẹ nípa ṣọ́ọ̀bù irun yín, kó o gbé e síbí. Màá kà á, ibi tí mo bá sì fọwọ́ kàn, màá sọ ìdí.